"Kí lò ń pa sára?": Ìbéèrè tó ti ba awọ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́

Kò sí ọ́fíìsì tàbí ṣọ́ọ̀bù kan nígboro Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta tí irú ọ̀rọ̀ yìí ò ti ṣẹlẹ̀ rí. Obìnrin kan á wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ojú ẹ̀ á máa dán bíi dígí, ara ẹ̀ á jọ̀lọ̀, ìrorẹ́ kan ṣoṣo ò ní í sí lójú ẹ̀. Kó tó di aago méjìlá ọ̀sán, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á ti yí i ká. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń pa sára? Ẹ má dá a jẹ o!" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní ọ̀dọ̀ ìyá kan báyìí lọ́jà ni wọ́n ti ń bá òun po ìpara òun. Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, èèyàn mẹ́rin á ti fowó ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa dán bíi ti Àǹtí. Ẹnì kejì ò ní í rí ìyàtọ̀ kankan, yóò kàn máa ṣírò owó ẹ̀ ni. Ìrorẹ́ á bo ojú ẹnì kẹta, títí dé ọrùn. Ẹnì kẹrin lọ̀rọ̀ tiẹ̀ á le jù, nítorí ojú ẹ̀ á wú, á máa yún un, á sì máa ta á bí ẹni tí wọ́n fi ata pa lójú, débi pé yóò gbààyè níbi iṣẹ́.

Ìpara kan náà ni o. Ọwọ́ kan náà ló pò ó, inú ike kan náà ni wọ́n sì ti bù ú. Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Àwọn àgbà ti fèsì ọ̀rọ̀ náà tipẹ́, wọ́n ní ohun tó bá yẹ ni ló ń yẹ ni, okùn ọrùn ò yẹ adìẹ. Awọ yàtọ̀ síra wọn, gẹ́gẹ́ bí ìka ọwọ́ ò ṣe dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ kí ara òun dára, awọ ara ẹ̀ gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀, kì í sì í ṣe ẹni tó ń tajà.

Ẹ KỌ́KỌ́ MỌ IRÚ AWỌ TẸ́ Ẹ NÍ

Àtimọ irú awọ téèyàn ní ò le, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ mú àárọ̀ ọjọ́ kan tẹ́ ò ní í jáde, bíi Sátidé. Ẹ fi ọṣẹ tí kò le àti omi lásán fọ ojú yín, ẹ rọra fi táwẹ́ẹ̀lì tó mọ́ nù ún, kẹ́ ẹ má sì fi ohunkóhun pa á. Kì í ṣe Vaseline, kì í ṣe páúdà, kì í ṣe òróró àdúrà. Ẹ máa báṣẹ́ ilé yín lọ níbi tí oòrùn ò ti ní í pa yín. Tó bá ti tó bíi wákàtí kan, ẹ mú dígí àti tíṣù, ẹ fi tíṣù náà tẹ iwájú orí, imú, àgbọ̀n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ wá wò ó.

Bí òróró bá hàn lára tíṣù yẹn níbi gbogbo tẹ́ ẹ fi tẹ̀, awọ olóròóró lẹ ní. Irú awọ bẹ́ẹ̀ ni ìrorẹ́ fẹ́ràn jù, nítorí òróró àti awọ tó ti kú máa ń dí ojú ihò kéékèèké tó wà lára. Bí tíṣù bá gbẹ, tí ojú ń fà yín bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù pa á, tó sì funfun bí ẹni tó ta eérú sára, awọ gbígbẹ nìyẹn. Bó bá jẹ́ iwájú orí, imú àti àgbọ̀n nìkan ló ń dán, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbẹ, àmúlùmálà ni, òun ló sì wà lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Awọ mìíràn tún wà tó máa ń tètè bínú: ọṣẹ tuntun díẹ̀, lọ́fínńdà díẹ̀, ó ti pọ́n, ó ti ń yún. Àwọn tí wọ́n ní ikọ́ fée, tàbí tí wọ́n ń yún ara látìgbà ọmọdé nítorí àìsàn awọ tí wọ́n ń pè ní eczema, wọ́n sábà máa ń wà nínú ẹgbẹ́ yìí.

Ẹ má gbàgbé pé awọ ojú lè yàtọ̀ sí ti ẹsẹ̀. Ojú ẹlòmíì á máa yọ òróró bíi dòdò, ojúgun ẹ̀ á sì gbẹ bí ìpẹ́ ẹja. Ẹni tó bá ń fi ìpara kan ṣoṣo kun ara látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tó wá ń ráhùn pé ìrorẹ́ ń yọ òun lẹ́nu, kò tíì gbọ́ ohun tí awọ ẹ̀ ń sọ fún un.

Ìgbà náà tún máa ń yí i padà. Ìpara tó ń tẹ́ yín lọ́rùn nígbà òjò, tí ooru inú afẹ́fẹ́ ń mú kéèyàn máa làágùn, lè má tó nǹkan kan nígbà ọyẹ́, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ètè ń là, tí gìgísẹ̀ ń ya. Ẹni tó sì ń jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù látàárọ̀ dalẹ́ níbi iṣẹ́, ọyẹ́ tiẹ̀ ò lópin, nítorí ẹ̀rọ yẹn ń fa omi inú afẹ́fẹ́ gbẹ ni.

NǸKAN MẸ́TA PÉRÉ LÓ TÓ

Àwọn tó ń ta ìpara ò ní í fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ èyí, àmọ́ òdodo ọ̀rọ̀ ni: ẹni tára ẹ̀ yá, tí kò ní àìsàn awọ, kò nílò ìgò mọ́kànlá lórí tábìlì. Nǹkan mẹ́ta ló nílò. Ohun tí yóò fi fọ ìdọ̀tí kúrò, ohun tí yóò fi di omi mú lára, àti ohun tí yóò fi gbara sílẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Ìyókù, àsè ni.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọṣẹ. Ọṣẹ dúdú wa dára, kò sẹ́ni tó máa bú u. Eérú èèpo kòkó tàbí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n ń fi àdín tàbí epo sè pọ̀ láti fi ṣe é, ọ̀pọ̀ àwa tá a wà láyé lónìí ni wọ́n sì fi wẹ̀ fún lọ́jọ́ tí wọ́n bí wa. Ṣùgbọ́n eérú yẹn gan-an ló jẹ́ kó le. Awọ èèyàn máa ń kan díẹ̀, bíi ti ọsàn tí kò kan púpọ̀. Ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní pH, láàárín 4 sí 6 ló sábà máa ń wà. Ọṣẹ eérú máa ń tó 9 sí 10. Ìdí nìyẹn tó fi ń họ òróró ara kúrò pátápátá. Awọ olóròóró lè fara dà á, kódà ó lè gbádùn ẹ̀. Awọ gbígbẹ àti awọ tó tètè ń bínú ò lè fara dà á láàárọ̀ àti lálẹ́. Irú wọn nílò ọṣẹ tó rọ̀, tí kò ní lọ́fínńdà, tí ara ò ní í máa fà lẹ́yìn tí wọ́n bá wẹ̀ tán. Ẹ fi èyí ṣòdiwọ̀n: bí ara yín bá ń ké kín-ín-kín-ín lẹ́yìn ìwẹ̀ bí abọ́ tí wọ́n fọ̀ tán, ọṣẹ yẹn ti le jù fún yín.

Kànrìnkàn náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé béèyàn ò bá họra títí yóò fi máa ta á, kò tíì wẹ̀. Wọ́n á gbé kànrìnkàn líle, wọ́n á máa fi ha èjìká, ẹ̀yìn àti ojúgun bí ẹni tó ń fọ ìkòkò. Ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa awọ dúdú rèé: ohunkóhun tó bá pa á lára, dúdú ló fi ń fèsì. Ohun tó ń kun awọ wa, tí àwọn dókítà ń pè ní melanin, ńṣe ló máa ń tú jáde síbi tí wọ́n bá ti ha á, síbi tí wọ́n bá ti fún ìrorẹ́ níbẹ̀, síbi tí yẹ̀ẹ̀rì tàbí bẹ́líìtì bá ti ń há a. Ọ̀pọ̀ àmì dúdú táwọn èèyàn ń ra ìpara olówó ńlá sí, ọwọ́ ara wọn àti kànrìnkàn ló fi í síbẹ̀. Aṣọ rírọ̀ tàbí àtẹ́lẹwọ́ tó ìwẹ̀ ojoojúmọ́. Ìrorẹ́ tẹ́ ò bá sì fún, ó lè lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ láì fi àpá sílẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá fún, àpá ẹ̀ lè lo oṣù mẹ́fà lójú yín.

Ohun kejì ni ìpara. Iṣẹ́ ìpara kì í ṣe láti mú ara pupa, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti má jẹ́ kí omi inú awọ sá lọ. Nítorí náà, ìgbà tí ara ṣì tutù díẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀ ló dára jù láti pa á, kì í ṣe ìgbà tí ara ti gbẹ tán tó ti funfun. Òrí tó ń wá láti agbègbè Ṣakí, Kwara àti ilẹ̀ Niger jẹ́ ọ̀rẹ́ awọ gbígbẹ, pàápàá lápá, lẹ́sẹ̀ àti ní gìgísẹ̀. Vaseline lásán náà ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa, owó ẹ̀ ò sì tó ti ìpara tí wọ́n ya òdòdó sára ike ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú ẹ̀ ń yọ òróró, tí ìrorẹ́ ń dà láàmú, kó má ṣe fi òrí, àdín àgbọn tàbí ìpara tó nípọn kun ojú. Ìpara tó fúyẹ́, tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé kì í dí ihò ara, ni kó wá. Bí wọ́n bá kọ glycerin tàbí urea sára ìpara, ohun tó ń fa omi mọ́ra ni wọ́n, wọ́n dára fún awọ tó gbẹ. Bí wọ́n bá kọ salicylic acid tàbí benzoyl peroxide, ti ìrorẹ́ nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ kan sí ìkejì, torí pé wọ́n máa ń gbẹ ojú. Benzoyl peroxide tún máa ń ṣá àwọ̀ aṣọ ìrọ̀rí, kẹ́ ẹ má baà rò pé ẹni tó fọ aṣọ ló ba yín láṣọ jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni oòrùn. Lóòótọ́ ni pé melanin ń dáàbò bo aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ, àmọ́ kì í ṣe ìbora irin. Oòrùn ló ń jẹ́ kí àmì dúdú ojú kọ̀ láti lọ, òun ló sì ń mú kí àbàwọ́n tó ń wá sẹ́rẹ̀ẹ̀kẹ́ àwọn obìnrin, pàápàá nígbà oyún, máa dúdú sí i. Ẹni tó ń tajà lójú títì, ẹni tó ń gun ọ̀kadà, ẹni tó ń tò síbi ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan, fìlà tó fẹ̀, gèlè tàbí agbòòrùn kì í ṣe ìgbéraga. Ẹni tápá ẹ̀ bá ká a lè ra ìpara tó ń dènà oòrùn, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 sí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti àwọn àfín, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà rárá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, nítorí awọ tiwọn ò ní melanin tó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ àrùn jẹjẹrẹ awọ. Òbí tó bá bí wọn gbọ́dọ̀ ti kékeré bá wọn wá aṣọ alápá gígùn àti fìlà.

Ẹ̀YIN ỌKÙNRIN, Ọ̀RỌ̀ YÍN RÈÉ

Àwọn ọkùnrin á ní ọ̀rọ̀ obìnrin lèyí, síbẹ̀ ẹ wo àgbọ̀n àti ẹ̀yìn ọrùn wọn. Irun wa máa ń ká kò. Tí wọ́n bá ti fi abẹ fá a kanlẹ̀, ṣóńṣó orí ẹ̀ á tún yí padà wọnú awọ, ibẹ̀ á sì wú. Ìyẹn ni kókó tó ń sọ ní àgbọ̀n, tọ́pọ̀ èèyàn ń pè ní ìrorẹ́ irùngbọ̀n. Ẹni tó bá ti rí i pé ó ń ṣe òun, kó jẹ́ kí irùngbọ̀n ẹ̀ hù díẹ̀, kó máa fi ẹ̀rọ gé e láì jẹ́ kó kanlẹ̀, kó sì má ṣe máa fá a lòdì sí bó ṣe ń hù. Ti ẹ̀yìn ọrùn tún lágbára jù, ó lè di àpá tó wú bí ẹ̀pà, tí irun ò ní í hù níbẹ̀ mọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó ń gẹrun yín pé kó má fi ẹ̀rọ gbo ẹ̀yìn ọrùn yín kanlẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó fi ẹ̀rọ tí kò fọ̀ lórí ẹlòmíì kàn yín. Ẹ̀míìtì tí wọ́n máa ń fọ́n sí i, tó máa ń ta èèyàn wìì, kì í wo kókó yẹn sàn.

"MI Ò BÓRA, MO KÀN Ń TÓÒNÙ NI"

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le gan-an la dé yìí. Ìpara àpòpọ̀ tí wọ́n ń bù sínú ike tí kò lórúkọ, tí wọ́n ń tà ní Balógun, ní Tíréèdì Fíà, ní Dùgbẹ̀ àti lórí fóònù, kí ló wà nínú ẹ̀? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà á ò mọ̀. Àwọn mìíì tó ń pò ó gan-an ò mọ̀, wọ́n kàn ń da ìpara marùn-ún, mẹ́fà tí wọ́n rà lọ́jà pọ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá sì bi àwọn tó ń lò ó, wọ́n á ní, "Mi ò bóra o, mo kàn ń tóònù ni." Awọ ò mọ ìyàtọ̀ láàárín orúkọ méjèèjì.

Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń wà nídìí ìpara tó ń sọ dúdú di pupa kíákíá. Àkọ́kọ́ ni mẹ́kúrì. Mẹ́kúrì máa ń dá melanin dúró lóòótọ́, àmọ́ kì í dúró sí awọ. Ó máa ń gba awọ wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ, ó sì máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó lè dé ara ọmọ tó wà nínú oyún, ó sì lè ti ara táwẹ́ẹ̀lì àti ọwọ́ ìyá kó bá ọmọ ọwọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò lórí àdéhùn Minamata lọ́dún 2013 láti lé mẹ́kúrì kúrò nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà sì wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí mercury, mercurio, calomel tàbí mercuric iodide lára ike, ẹ gbé e sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ.

Ìkejì ni hydroquinone. Àwọn dókítà awọ ń lò ó fún àbàwọ́n kan pàtó, fún ìwọ̀nba àkókò, lójú wọn. Òfin NAFDAC ò fàyè gba kó ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìpara ọjà. Béèyàn bá ń fi í kun gbogbo ara lọ́dún dé ọdún, ńṣe lọ̀rọ̀ ń yí padà: ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìsàlẹ̀ ojú á wá dúdú bí aró, á máa rí bíntín-bíntín bí ẹyin ẹja, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oògùn tó lè dá a padà. Orílẹ̀-èdè South Africa, níbi tí ìpara yẹn ti bá ọ̀pọ̀ obìnrin lójú jẹ́, fòfin dè é pátápátá lọ́dún 1990. Ghana náà fòfin de irú ìpara bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2016.

Ìkẹta lèyí tó ń tan èèyàn jù, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń pè ní steroid, bíi clobetasol àti betamethasone. Oògùn gidi ni wọ́n. Dókítà máa ń kọ wọ́n fún àìsàn awọ, èyí tó bá lágbára bíi clobetasol kì í sì í sábà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Agbára wọn ni pé wọ́n máa ń pa ara yíyún àti pípọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ni tó bá fi ìpara àpòpọ̀ kun ojú lálẹ́ Furaidé fi lè jí lọ́jọ́ Mọ́ńdè kí ìrorẹ́ ẹ̀ ti wọlé, kára ẹ̀ sì ti tàn. Á ní òun ti rí oògùn òun. Tó bá fi máa di oṣù kan sí òmíràn, awọ yẹn á ti fẹ́lẹ́ bíi páálí tíṣù, iṣan á máa hàn lábẹ́ ẹ̀, ìlà á ya itan àti apá bí ẹni tó lóyún ìbejì. Egbò kékeré ò ní í tètè jinná. Ẹlòmíì, irun á hù ní àgbọ̀n obìnrin. Tó bá wá pọ̀ jù lára, ó lè mú ẹ̀jẹ̀ ru, ó sì lè mú ṣúgà ara lọ sókè. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ló mọ ìyà tó wà nínú kí wọ́n máa rán awọ tó ti fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òfin kan wà tẹ́nikẹ́ni lè fi dá ìpara mọ̀. Awọ tuntun máa ń gba bí oṣù kan kó tó gòkè wá rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ohunkóhun tó bá yí àwọ̀ yín padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe oúnjẹ ló ń fún awọ yín. Ìyá tó ń ta ìpara tó ń fọwọ́ sọ̀yà pé "ọjọ́ mẹ́ta péré" ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tó wà nínú ike.

Kì í ṣe òní lọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀. Fela Aníkúlápó-Kuti fi orin "Yellow Fever" bá àwọn tó ń bóra wí lọ́dún 1976. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2023, àjọ NAFDAC, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye, kéde pé ọ̀rọ̀ bíbó ara ti di pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Obìnrin nìkan kọ́ ló sì jẹ̀bi. Ọkùnrin tó ń pariwo "ọmọ pupa" ní gbogbo àríyá, ìyá ọkọ tó ń bi ìyàwó léèrè ìdí tọ́mọ fi dúdú, ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé ẹni pupa ni wọ́n ń wá síwájú ilé, gbogbo wọn ló jọ ń ti èèyàn sídìí ìpara. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá tó ń pe ẹnì kan ní apọ́nbéporẹ́ náà ló ń pe ẹlòmíì ní adúmáadán, oríkì ẹwà sì ni méjèèjì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kejì yẹn dáadáa: wọn ò ní kó dú nìkan, wọ́n ní kó dú, kó sì máa dán. Dídán yẹn lọ̀rọ̀ ìtọ́jú awọ. Àwọ̀ ò sí níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti wọ inú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó má jókòó sílé máa sunkún, kó má sì kàn sọ ike nù lójijì kó rò pé ó ti parí. Awọ tí steroid ti mọ́ lára, tí wọ́n bá já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè pọ́n kanlẹ̀, kó wú, kó máa jó èèyàn bí iná. Ìgbà tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré padà sídìí ìpara náà. Dókítà ló yẹ kó bá wọn dín in kù. Kí wọ́n gbé ike yẹn dání lọ, kí wọ́n má sì tijú: ohun tí dókítà bá rí ló lè tọ́jú.

BẸ́ Ẹ ṢE LÈ DÁN NǸKAN TUNTUN WÒ

Ẹ má gbé ìpara tuntun kójú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á. Ẹ fi díẹ̀ pa inú apá, nítòsí ìgbọ̀nwọ́, láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá yún, tí kò pọ́n, tí kò sú, ẹ lè wá gbé e lọ sójú. Nǹkan tuntun kan ni kẹ́ ẹ máa fi kún un lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yí ọṣẹ, ìpara àti páúdà padà lọ́jọ́ kan náà, tí ojú ẹ̀ bá wú, ta ni yóò mú nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Lẹ́yìn náà, ẹ ní sùúrù. Ìpara tó kàn ń tutù ara, ẹ máa mọ iṣẹ́ ẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó wà fún ìrorẹ́, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ti àmì dúdú máa ń gba oṣù mélòó kan. Ẹni tó ń pààrọ̀ ìpara lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ń fi awọ ẹ̀ ṣe ilé ìtura ni, àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde, kò sẹ́ni tó bá a tún ilé ṣe.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yẹ ara páálí wò. Ṣé nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, lédè tẹ́ ẹ lè kà? Ọjọ́ wo ló máa bàjẹ́? Ike tí kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dà bí ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà, tó bá gbá yín, ta lẹ máa mú?

Ọmọ tuntun ò sì gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Àwọn ìyá kan ń ra ìpara àpòpọ̀ fún ọmọ oṣù mẹ́ta, kí àwọ̀ ẹ̀ má baà dúdú. Awọ ọmọ ọwọ́ fẹ́lẹ́, ara ẹ̀ kéré, ohun tó bá sì gba awọ wọlé fún un pọ̀ ju ti àgbà lọ. Ọṣẹ tó rọ̀ àti òrí tàbí Vaseline tó ọmọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìpara ò lè ṣe. Ìrorẹ́ ńlá tó ń dunni tó sì ń fi kòtò sílẹ̀, àpá tó ń wú sókè lẹ́yìn egbò, ibi tó ń funfun láwọ̀, ara yíyún tó kọ̀ tí kò lọ, tàbí àmì dúdú tó ń tóbi sí i tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, pàápàá ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí lábẹ́ èékánná, ilé ìwòsàn lọ̀rọ̀ wọn. Àwọn dókítà awọ wà ní UCH n'Ìbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní LASUTH n'Ìkẹjà, àti ní OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Iye tẹ́ ẹ máa ná síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè má tó èyí tẹ́ ẹ ti ná sórí ìpara láàárín ọdún kan.

Nígbà míì tẹ́nì kan bá tún wọlé tójú ẹ̀ ń dán, ẹ kí i kú ẹwà. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bi í ní nǹkan kan, ẹ bi í pé irú awọ wo ló ní, àti pé ó ti tó ìgbà wo tó ti ń lo nǹkan ẹ̀. Bó bá ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kówó yín wà lápò.